Ọkọ̀ ń dákú, gbèsè rẹ̀ ò tíì tán: ṣé kí n tà á ni?

Olùkọ́ obìnrin kan ló kọ ìwé yìí sí mi. Mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ìjàyè ni mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, Mọ́níyà ni mo ń gbé. Oṣù 14 rèé tí mo ti ra Camry Muscle 2008 ní ₦3,600,000. Owó tèmi níbẹ̀ jẹ́ ₦1,200,000, mo yá ₦2,400,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. ₦90,000 ni wọ́n ń yọ nínú owó oṣù mi, fún oṣù 36. Mi ò tíì gbádùn ọkọ̀ yìí fún oṣù méjì gbáko. Ó ń mu ọ́ìlì, ó ń gbóná, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló ti dá mi sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo ti ná ₦640,000 lé e lórí. Mẹkáníìkì mi ní kí n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, ó pè é ní ₦850,000. Ẹnì kan ní òun á rà á bó ṣe wà yìí ní ₦1,500,000. Báǹkì kékeré kan sì fẹ́ yá mi ní ₦1,800,000, èlé 4% lóṣù, fún oṣù 18, kí n fi kún un ra òmíràn. Ìyá ọkọ mi ní ọwọ́ ayé wà nínú ọkọ̀ náà. Kí ni kí n ṣe?"

Ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìrójú, ìyá wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìwé yín, nítorí ìbéèrè mẹ́ta ló wà nínú ọ̀kan tí ẹ bi mí. Ọkọ̀ ń ṣàìsàn, gbèsè wà nílẹ̀, ẹ sì tún fẹ́ ra òmíràn. Ẹ di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ẹrù kan, ìdí nìyẹn tó fi wúwo tó bẹ́ẹ̀ lórí yín. Ọdún 23 ni mo fi ta mọ́tò ní Ìbàdàn, mo sì ṣe akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fún ọdún 9. Mo ti bá àwọn tó wà nírú ipò yín ta ọkọ̀, mo sì ti jókòó níwájú wọn nígbà tí wọ́n wá ṣàlàyé ìdí tí owó oṣù tó kọjá ò fi wọlé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ ayé kúrò lọ́nà. Mo bọ̀wọ̀ fún ìyá ọkọ yín, ṣùgbọ́n Honda Accord 2008 ni àwọn ọmọ wa sọ ní Evil Spirit, kì í ṣe Camry. Àìsàn tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn ní orúkọ, ó sì ní ìdí. Ẹ́ńjìnnì 2.4 tó wà nínú Camry láti 2007 sí 2009, èyí tí wọ́n ń pè ní 2AZ-FE, ọ̀mu ọ́ìlì ni púpọ̀ nínú wọn. Ríǹgì kan wà lára písítìn tí iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbá ọ́ìlì kúrò lára sìlíńdà. Nínú ẹ́ńjìnnì yìí, ẹ̀gbin ọ́ìlì tó ti jóná a máa dí i pa, kò ní lè gbá a tán mọ́, ọ́ìlì á sì máa bá epo jóná. Toyota fúnra wọn gbà bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì bá ọ̀pọ̀ àwọn tó ni ọkọ̀ náà pààrọ̀ písítìn àti ríǹgì láìgba kọ́bọ̀. Àwọn ọkọ̀ tí wọn ò ṣe irú ìtọ́jú yẹn fún náà bá ọkọ̀ ojú omi dé ọ̀dọ̀ wa, a sì fi wúre gbà wọ́n.

Bí ọ́ìlì bá ń jó, tí a kò tètè mọ̀, ó di pé ẹ́ńjìnnì ń sáré lórí ọ́ìlì díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì rẹ̀ ò tó yóò gbóná ju bó ti yẹ lọ, yálà omi wà nínú rédíétọ̀ tàbí kò sí. Ibí yìí ni mo ti ń bá àwọn mẹkáníìkì wa jà. Ọkọ̀ gbóná, wọ́n á yọ tẹ́mọ́sítáàtì, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi móoru, jù sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á ní ilẹ̀ tiwa gbóná, a ò nílò rẹ̀. Wọ́n á so fáànù mọ́ bátìrì ní dáírẹ́ẹ̀tì kí ó máa fẹ́ ní gbogbo ìgbà. Wọ́n á da omi ẹ̀rọ sínú rédíétọ̀ dípò kúláǹtì. Nígbà tí kò sí tẹ́mọ́sítáàtì, ẹ́ńjìnnì kì í tètè móoru, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á rò pé òtútù ló ń mú un, á máa da epo kún epo, epo yẹn á sì máa fọ ọ́ìlì kúrò lára sìlíńdà tí ríǹgì rẹ̀ ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀. Fáànù tí kò sinmi á kú lọ́jọ́ kan nínú gósílóò. Omi ẹ̀rọ á mú ìpẹtà wọ inú rédíétọ̀. Ẹ ò sọ ohun tí wọ́n fi ₦640,000 yẹn ṣe fún mi, ṣùgbọ́n bí rédíétọ̀, fáànù àti ọ̀pá omi bá ni púpọ̀ nínú rẹ̀, ibà ni wọ́n ń wò nígbà tí egbò wà lẹ́sẹ̀.

Ẹ má tíì ṣe ìpinnu owó kankan títí ẹ ó fi mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ yìí gan-an. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mìíràn tí kò ní èrè kankan nínú títún un ṣe, ẹ san owó àyẹ̀wò fún un lọ́tọ̀. Kó bá yín wọn kọ̀ǹpúrẹ́ṣọ̀n, ìyẹn agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, nínú sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó sì kọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sórí ìwé. Bí mẹ́rin náà bá sún mọ́ra, tí kò sì sí èyí tó lọ sílẹ̀ jù, ìròyìn ayọ̀ nìyẹn. Kó ṣí ìdérí ọ́ìlì wò: bí ó bá rí bí tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi ti wọ inú ọ́ìlì, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ti lọ nìyẹn, tàbí kó tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín náà ní iṣẹ́ kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kún ọ́ìlì dé àmì òkè láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ kọ iye kìlómítà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù sílẹ̀, kí ẹ sì máa wò ó ní àràárọ̀ kí ẹ tó tan ọkọ̀. Bí lítà kan bá tán kí ẹ tó rin nǹkan bí 2,000 kìlómítà, àìsàn ríǹgì ni mo sọ yẹn. Èéfín rẹ̀ láàárọ̀ máa ń ṣe bí ẹni pé ó ní àwọ̀ aró díẹ̀. Funfun tó ń rú gùdù tí kì í lọ bọ̀rọ̀, omi nìyẹn.

Ohun tó mú kí n tẹnu mọ́ àyẹ̀wò yìí ni pé mẹkáníìkì yín ní kí ẹ pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì odindi. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n Bẹ́líjọ́ọ̀mù, ìyẹn ẹ́ńjìnnì àlòkù láti òkè òkun, tó máa bá yín rà lọ́jà Gate tàbí Ládípọ̀, 2AZ-FE kan náà ni, láti inú Camry kan náà, ọdún kan náà. Ta ló sọ fún wa pé òun kì í mu ọ́ìlì? Mo ti rí ẹni tó ra ẹ́ńjìnnì méjì láàárín ọdún kan ààbọ̀, tí àìsàn kan náà sì wà nínú méjèèjì. Bí kọ̀ǹpúrẹ́ṣọ̀n bá dára díẹ̀, tí ara sìlíńdà ò sì ya, mo fẹ́ràn kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì tiyín palẹ̀, kí wọ́n fi písítìn àti ríǹgì tuntun sí i, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, kí wọ́n dá tẹ́mọ́sítáàtì padà sí àyè rẹ̀, kí wọ́n sì da kúláǹtì sí i. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ó gba sùúrù, mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n ṣe ò sì pọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni méjì tó ti bá a ṣe é rí, kì í ṣe lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó wá kàn. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kó yé yín: ọkọ̀ yín kọ́ ló dúró fún gbèsè yín. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ò di ìwé ọkọ̀ yín mú. Àjẹṣẹ́kù yín àti àwọn onídùúró méjì tó fọwọ́ sí ìwé yín ni wọ́n gbójú lé. Nítorí náà, ẹ lè ta ọkọ̀ lọ́la láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá sì tà á, gbèsè ò bá a lọ: ₦90,000 yẹn á ṣì máa jáde lóṣooṣù fún oṣù 22, ₦1,980,000 lápapọ̀. Àwọn awakọ̀ tó gba ọkọ̀ ní háyà pọ́ọ̀sì ò ní irú òmìnira yìí. Ọkọ̀ ò tíì di tiwọn títí wọ́n á fi san owó ìkẹyìn, wọn ò gbọdọ̀ tà á. Òfin háyà pọ́ọ̀sì 1965 gbèjà wọn díẹ̀: tí wọ́n bá ti san ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún, olówó ò lè gba ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn láìlọ sí ilé ẹjọ́, àfi pé tí wọ́n bá jẹ tó ìsanwó mẹ́ta, òfin gbà kó gbé e pamọ́ títí ẹjọ́ yóò fi parí. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bi mí ní irú ìbéèrè yìí, awakọ̀ ni wọ́n. Tiyín ò le tó tiwọn.

Ẹ wo ètò báǹkì kékeré yẹn báyìí. 4% lóṣù dùn létí. Ẹ bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ṣé lórí iye tó bá kù ni, àbí lórí gbogbo owó tí ẹ yá? Nínú ìrírí mi, lórí gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ṣírò rẹ̀, títí dé oṣù ìkẹyìn tí ohun tí ẹ jẹ wọ́n ò ju ₦100,000 lọ. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ₦72,000 ni èlé lóṣù kọ̀ọ̀kan, ₦100,000 ni owó gan-an, ₦172,000 lóṣù. Ẹ fi ₦90,000 ti ẹgbẹ́ kún un, ó di ₦262,000 lóṣooṣù fún oṣù 18. Lórí ₦1,800,000 yẹn, ẹ ó san ₦3,096,000. Ẹ ò kọ iye owó oṣù yín sí mi, mi ò sì ní béèrè, ṣùgbọ́n olùkọ́ ni yín. Láti 2020 ni Báǹkì Àpapọ̀ ti gbé ètò kan kalẹ̀ tó jẹ́ pé tí a ò bá san, báǹkì tó yá ni lówó lè fa gbèsè rẹ̀ jáde nínú àkáǹtì yòówù tí BVN wa bá wà, ní báǹkì mìíràn pàápàá. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ tí ẹ tọ́jú síbòmíràn ò pamọ́ mọ́.

Ọkọ̀ wo ni gbogbo ìyẹn máa rà? ₦1,500,000 pẹ̀lú ₦1,800,000 jẹ́ ₦3,300,000. Ó dín sí iye tí ẹ ra èyí tó ń dá yín lóró yìí. Ẹ ó padà sínú ọjà kan náà pẹ̀lú owó tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀, ẹ ó sì ra ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ń sá fún, bí ẹ ṣe ń sá fún tiyín. Mo máa ń rí i ní sítáǹdì: ẹni tó ta ọkọ̀ nínú ìbínú láàárọ̀, tó fi ìbínú yẹn ra òmíràn ní ìrọ̀lẹ́, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò ní fọwọ́ sí ètò yìí fún àbúrò mi.

Títà á bó ṣe wà wá ńkọ́, láìyá owó kún un? Bí ẹ bá gba ₦1,500,000 tí ẹ kó gbogbo rẹ̀ fún ẹgbẹ́, ₦480,000 ló kù tí ẹ jẹ, ẹ ò sì ní ọkọ̀. Kì í ṣe ọ̀nà búburú. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ìtìjú ni kéèyàn tún bọ́ sínú ọkọ̀ èrò, ṣùgbọ́n oorun ń bẹ nínú kéèyàn má jẹ gbèsè. Kí ẹ tó ṣe é, ẹ bi akọ̀wé ẹgbẹ́ yín bóyá wọ́n máa ń dín èlé kù fún ẹni tó bá san kí àkókò tó pé. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, a máa ń dín in kù. Mo mọ ẹgbẹ́ mìíràn tí kì í dín kọ́bọ̀: wọ́n ti yọ èlé lókè ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kò sì sí èrè fún ẹni tó yára. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má sáré kó owó fún wọn.

Ọ̀nà kẹta, ìyẹn kí ẹ kọ́kọ́ tún un ṣe, ni mo gbà pé ó dára jù, tí àyẹ̀wò bá gbè é. Ẹni tó fẹ́ rà á ní ₦1,500,000 yẹn ti rí i pé ẹ̀rù ń bà yín. Ó mọ ohun tó máa tún ṣe, ó sì mọ iye tó máa tà á. Bí Camry Muscle bíi tiyín, tí ara rẹ̀ le, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dákẹ́, bá lè pa ₦3,000,000 lónìí (ẹ lọ béèrè ní sítáǹdì mẹ́ta, ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi bí Bíbélì), tí ẹ sì ná ₦850,000 láti tún un ṣe, ₦2,150,000 ló wọlé fún yín. Ẹ lè san gbogbo gbèsè ẹgbẹ́ kí nǹkan bí ₦170,000 ṣẹ́kù. Tàbí kí ẹ má tà á mọ́ rárá, kí ẹ máa gùn ún. Ìbẹ̀rù máa ń gbówó lọ́wọ́ olùtà ju àtúnṣe lọ. Ìdí tí àwọn tó ń ra ọkọ̀ aláìsàn fi ń lówó nìyẹn, èmi náà sì ti jẹ nínú rẹ̀, mi ò ní purọ́.

Ẹ ó ní, níbo ni ₦850,000 yóò ti wá? Ẹ pín ₦640,000 tí ẹ ti ná sí oṣù 14, ó lé ní ₦45,000 lóṣù. Ẹ gbé ọkọ̀ sílẹ̀ nínú ọgbà fún oṣù mélòó kan, ẹ wọ ọkọ̀ èrò, kí owó àtúnṣe yẹn àti ohun tó bá kù nínú owó epo lẹ́yìn tí ẹ bá san owó ọkọ̀ máa lọ sínú èsúsú. Camry 2.4 kì í mu epo kékeré, pàápàá láti 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo. Ẹ tún bi ẹgbẹ́ yín nípa ẹ̀yáwó pàjáwìrì. Èlé rẹ̀ máa ń kéré, àsìkò rẹ̀ sì kúrú. Bí wọ́n bá ní kò sí àfi kí ẹ kọ́kọ́ san ìdajì gbèsè àkọ́kọ́, oṣù mẹ́rin péré ló kù kí ẹ dé oṣù 18. Ẹ lè dúró. Ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ kì í dá ni sílẹ̀ lọ́nà, ṣùgbọ́n ẹ máa tan án fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́sẹ̀ kí bátìrì má kú, kí eku má sì fi wáyà ṣe oúnjẹ.

Ní ti ₦640,000, ẹ má jẹ́ kó wọ inú ìṣirò rárá. Omi ló dànù; bóyá agbè fọ́ ni àyẹ̀wò fẹ́ sọ fún wa. Àwọn kan á ní "mo ti náwó púpọ̀ lé e, mi ò lè fi í sílẹ̀", àwọn mìíràn á ní "ó ti jẹ mí lówó, mi ò fẹ́ rí i mọ́." Kò sí èyí tó ń wo ọkọ̀ nínú àwọn méjèèjì.

Ohun méjì ló lè ba ọ̀nà kẹta yìí jẹ́. Àkọ́kọ́ ni gíà. Mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń ṣàìsàn, nítorí òun nìkan ni ẹ dárúkọ. Bí gíà náà bá ń já, tàbí tó ń lọ́ra kó tó wọlé láàárọ̀, ₦850,000 ò ní gbà yín sílẹ̀. Ẹ tà á bó ṣe wà, kí ẹ sì sinmi. Ìkejì ni pé ọ̀dọ̀ mi kọ́ ni ọkọ̀ yẹn wà. Mi ò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀. Mẹkáníìkì yín, tí mo ti ń bú láti òkè, ló fọwọ́ kàn án, ó sì lè jẹ́ òun ló jàre pé ẹ́ńjìnnì odindi ló kù.

Tó bá wá jẹ́ pé ẹ pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì lóòótọ́, ẹ gba rìsíìtì pẹ̀lú nọ́mbà ẹ́ńjìnnì tuntun, kí ẹ sì lọ tún ìwé ọkọ̀ ṣe ní ọ́fíìsì láísẹ́nsì, nítorí nọ́mbà tó wà lára ọkọ̀ gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé mu. Lọ́jọ́ tí ẹ bá máa tà á, rìsíìtì yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi han olùrà, pẹ̀lú ìwé kọ̀ǹpúrẹ́ṣọ̀n. Ẹ sọ ohun tó ṣe é tẹ́lẹ̀ fún un. Ó lè dín owó díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní wá kàn yín lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́yìn oṣù kan.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, kí ọkọ̀ ti gbóná díẹ̀, ẹ fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì gíà jáde, ẹ nu ún sórí ìwé funfun. Bó bá pupa, ó dára. Bó bá dúdú tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, ẹ kọ̀wé sí mi kí ẹ tó fún mẹkáníìkì kankan ní owó.